Ẹ jẹ́ ká gbé "àwọsánmà" yẹn kúrò níbẹ̀, àká ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkun o. Mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ ń kọ láti ọjọ́ Ajé, mo kàn fẹ́ máa wòran ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa báyìí, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa: àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba ní ká bá àwọn ṣàlàyé òfin owó orí tuntun tí wọ́n ń pè ní Making Tax Digital ní Yorùbá tí ìyá àgbà á gbọ́, ni ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú bá kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá. Wọ́n ní ká pe cloud accounting, ìyẹn kéèyàn máa kọ ìwé owó ẹ̀ sínú áàpù orí ayélujára, ní "ìṣirò owó inú àwọsánmà", ká pe tax return, ìwé téèyàn fi ń sọ owó tó wọlé fún un fún ìjọba, ní "ìdápadà owó orí", ká wá pe quarterly update ní "owó orí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta". Ẹni tó kọ̀wé láti Mọ̀pà ní gbogbo ẹ̀ ló dáa. Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Ìyàrà ní ìkùukùu lòun fẹ́ ní tòun dípò àwọsánmà. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n ti ìdí ọ̀rọ̀ kẹta yẹn bẹ̀rẹ̀ torí òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin wà ní Leicester, iṣẹ́ gbálẹ̀-nulẹ̀ ọ́fíìsì ló ń ṣe, tara ẹ̀ ni, ó sì tún fi yàrá kan háyà. Òfin tuntun yìí ní ẹni tí owó tó wọlé fún un lórí iṣẹ́ tara ẹni àti ilé tó fi háyà bá ju £50,000 lọ nínú ọdún owó orí 2024 sí 2025, láti 6 oṣù kẹrin ọdún 2026 ló ti gbọ́dọ̀ máa fi sọ́fítíwíà, ìyẹn áàpù orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kọ ìwé owó ẹ̀, kó sì máa ti inú sọ́fítíwíà yẹn fi ránṣẹ́ sí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní Ìlú Ọba. Ẹni tó bá ju £30,000 lọ, tiẹ̀ ń bọ̀ ní 2027, ẹni tó bá ju £20,000, ó di 2028. (Àwọn oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́, láti 2019 ni wọ́n ti mú àwọn ńlá inú wọn, nígbà tó di 2022 wọ́n mú gbogbo wọn.) Àbúrò mi bọ́ sáàárín àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ó gbé lẹ́tà náà sórí WhatsApp ẹbí, ni àna wa kan bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa yìí kà á sínú fóònù fún àwọn àgbà, ó ní "wọ́n ti ní kí wọ́n máa san owó orí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta". Ìyá mi ò sùn. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n pè mí, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún kẹ̀, ṣé kí àwọn ta ilẹ̀ ọ̀nà Ọbajànà yẹn kí wọ́n fi ran ọmọ lọ́wọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àròpọ̀ owó tó wọlé àti owó tó jáde ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, rìsíìtì gan-an ò sí níbẹ̀. 7 oṣù kẹjọ, 7 oṣù kọkànlá, 7 oṣù kejì, 7 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá nìyẹn. Owó fúnra ẹ̀ ṣì wà ní 31 oṣù kìíní bó ṣe wà látẹ̀yìnwá, àti 31 oṣù keje fún ẹni tí wọ́n bá ní kó máa san àsansílẹ̀. Ìròyìn ni, ẹ jọ̀ọ́. "Ìròyìn oṣù mẹ́ta." Ẹ yọ "owó orí" kúrò níwájú ẹ̀ kí àwọn ìyá wa lè sùn.

"Ìdápadà" yẹn tún wá ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ ìdápadà, owó ló ń retí. Mo ń bá àwọn ọlọ́jà kọ ìwé owó ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Kábbà, ọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ńtì wọlé sí mi nínú oṣù kẹta, ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ìdápadà owó orí ò gbọdọ̀ kọjá 31 oṣù kẹta, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní ṣé inú àkáǹtì òun ni ìjọba máa san án sí àbí wọ́n máa fún òun ní ṣẹ́ẹ̀kì. Mo ní, Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa jíhìn o, wọn ò dá nǹkan kan padà. Ojú ẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀, ó sì yé e. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ nìyẹn: ìjíhìn. Ìjíhìn owó orí. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ á padà wá jíhìn, ó sọ iye tó gbà àti iye tó ná, bóyá ó kù tàbí kò kù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ìjíhìn dà bí ọjọ́ ìdájọ́, pé ó ń dẹ́rù bani. Ó dẹ́rù bani lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ó ya ìjíhìn sọ́tọ̀ kúrò lára sísan, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú gan-an nìyẹn, èèyàn lè jíhìn kó má sì sí owó tó máa san, èèyàn sì lè ti sanwó kí wọ́n ṣì mú un pé kò jíhìn.

Nǹkan kékeré kan kí n má gbàgbé: ẹ má lo "èrè" níbi £50,000 yẹn. Owó tó wọlé ni, kí wọ́n tó yọ owó ọṣẹ, owó mọ́tò, owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Àbúrò mi náà kọ́kọ́ sọ pé "èrè mi ò tó bẹ́ẹ̀", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju lẹ́tà náà sínú dọ́síbìn.

Ó yá, àwọsánmà.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn gan-an, orí páálí ló ti wá. Àwọn ẹnjiníà tó ń yàwòrán bí kọ̀ǹpútà ṣe so mọ́ra wọn, tí wọ́n bá dé apá ibi tí wọn ò fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á kàn ya nǹkan róbótó-róbótó bí ìkùukùu sí i, wọ́n á kọjá lọ. Bó ṣe di cloud nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan lọ sójú ọ̀run. Àwa wá ń mú àwòrán tí wọ́n fi ń sọ pé "ẹ má bèèrè ohun tó wà níbí", a ń sọ ọ́ di orúkọ. Tí mo bá sì sọ fún ìyá mi pé ìwé owó ọmọ wọn wà nínú àwọsánmà, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé ó ti fò lọ. Ìkùukùu Àǹtí wa ò sàn jù ú lọ, ìkùukùu kì í pẹ́ túká, ta ló fẹ́ kí ìwé owó òun túká?

Ẹ wò ó bó ṣe ń rí lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ń ya rìsíìtì ní Leicester, èmi ń wò ó ní Kábbà, inú áàpù kan náà la jọ wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá rìsíìtì ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan dé, £16.40, yíǹkì ẹ̀ ti ṣá, àmì kékeré tó wà láàárín nọ́ńbà ò hàn, áàpù kà á sí £1,640. Mo rí i. Mo tẹ̀ ẹ́, mo yí i padà, bí mo ṣe ní kí n kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀ báyìí ni iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti kú láti ìgbà wo, òkùnkùn biribiri. Mo mú fóònù, mo ṣí áàpù yẹn, £16.40 ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní láptọ́ọ̀pù ti kú, ìwé ò sì kú, ta ló ń bá yín tọ́jú ẹ̀?

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. *Ta ló ń bá yín tọ́jú ẹ̀?* Kò sẹ́ni tó ni àwọsánmà, torí náà ẹni tó bá gbọ́ àwọsánmà ò ní bèèrè ẹni tó ni ín. Nǹkan yìí sì ní ẹni tó ni ín! Kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni, nínú ilé kan tó ní òrùlé tó ní géètì, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i tọ̀sán tòru. Ìdí tí mo fi ní ká pè é ní àká nìyẹn. Àká la ń kó ọkà sí, ó jìnnà sílé, ó ní ilẹ̀kùn, ẹnì kan ló ni ín, ẹni tó bá sì ní kọ́kọ́rọ́ lè lọ bu nǹkan níbẹ̀ láìjí ẹ nílé. "Àká ayélujára" fún cloud, "ìwé owó inú àká" fún cloud accounting. Ẹ tún gbọ́ eléyìí, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín: "àká" ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "àkáǹtì" tẹ́lẹ̀, ó ti ń dúró dè wá.

Ẹni Mọ̀pà á ní àká ò ń ṣe nǹkan kan, ọkà kàn wà níbẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sọ́fítíwíà yìí ń ro owó, ń pín in sí ìsọ̀rí, ń ránṣẹ́. Òótọ́ ni. Mo gbà. Àká ò kó gbogbo ẹ̀ tán, ibi tí nǹkan wà ló ń sọ, ẹ jẹ́ kí "áàpù" tàbí "sọ́fítíwíà" máa jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ẹ̀. Mi ò fẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ míì fún sọ́fítíwíà o, gbogbo ayé ti mọ áàpù.

Ibi tí àká ti wá wúlò jù lọ rèé. HMRC fúnra wọn ò ṣe sọ́fítíwíà fún òfin tuntun yìí, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni lèèyàn ti ń rí i, Xero, QuickBooks, Sage, FreeAgent àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù, oṣooṣù lèèyàn ń sanwó ẹ̀. Subscription yìí, ẹnì kan ní ká pè é ní "owó ìforúkọsílẹ̀", ìyẹn ò tọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń forúkọ sílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni! Ẹni tó wá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ohun tó ń gbé fún onílẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn, ilẹ̀ ò sì fìgbà kankan di tiẹ̀. Ọjọ́ tó bá dáwọ́ ìṣákọ́lẹ̀ dúró, onílẹ̀ lè ní kó má wọ oko mọ́. Òfin sì ní kí àbúrò mi tọ́jú ìwé owó ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn 31 oṣù kìíní tí ìjíhìn ọdún yẹn bọ́ sí. Tó bá wá sú u lọ́dún kejì, tó fẹ́ kó lọ sínú áàpù míì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ru ọkà ẹ̀ kúrò nínú àká kó tó ṣíwọ́ sísan. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un pẹ̀lú àká àti ìṣákọ́lẹ̀, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ó ti ń ka ti òyìnbó láti oṣù kejì.

Ẹnì kan tún bèèrè pé ṣé ká má kúkú ju "owó orí" fúnra ẹ̀ nù, torí orí èèyàn làwọn òyìnbó ń kà nígbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, VAT ò sì kan orí ẹnikẹ́ni. Mi ò fara mọ́ ọn. Nílẹ̀ wa níbí, a ti mọ sísìn, ìyẹn kéèyàn máa kó nǹkan fún ẹni tó ṣẹ́gun ẹ̀, kí òyìnbó tó dé, Tápà Bídà ni àwọn baba ńlá wa ń sìn títí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òyìnbó, fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897, owó orí sì dé tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà. Ẹ lọ sọ́jà Kábbà, ẹ pe VAT ní "owó orí ọjà", kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ibo ni orí ọjà wà. Nàìjíríà náà sì ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ti di Nigeria Revenue Service lọ́dún 2026, orí ayélujára là ń jíhìn VAT 7.5% sí kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ọ̀rọ̀ tá a bá rí fún Leicester, àwa náà la máa lò ó.

Bridging software tí ẹnì kan nínú yín ní ká pè ní "áàpù afárá", mo fọwọ́ sí i tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹni tó ṣì fẹ́ràn Excel ẹ̀, afárá ló máa gbé nọ́ńbà ẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ HMRC. Digital link ló kù. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa ṣàn fúnra ẹ̀ látinú áàpù kan bọ́ sí èkejì, kéèyàn kọ́pì kó lọ lẹ̀ ẹ́ síbòmíì, wọn ò kà á sí. Mo gbìyànjú "okùn", àmọ́ okùn kì í gbé omi. Mo gbìyànjú "ojú omi", àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ohùn tí mo fẹ́ kà sínú fóònù fún àwọn ìyá wa gbọ́dọ̀ jáde kí 7 oṣù kẹjọ tó dé, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ kà á tí iná bá wà, ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju okùn lọ, ẹ tètè fi ránṣẹ́.