Ẹni tó ní ìsọ̀ àti ọmọ wẹ́wẹ́: oorun àti ẹ̀jẹ̀ ríru

Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ ní Tákíé láago 7 àárọ̀, tó ń wọlé láago 8 alẹ́, ìgbà wo ni kó sinmi, ìgbà wo ni kó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó jẹun. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé e sókè. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì, ní ọ̀gangan ọkàn. Ara lásán ni kí ẹ we ọ̀já ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín. Bó bá ń tó 135/85 (135 ni ti òkè, 85 ni ti ìsàlẹ̀) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ gba ọsibítù lọ.

Ọmọ Sọ̀ún: Ẹ ò sọ̀rọ̀ obì!

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣeun. Kò gbọdọ̀ sí obì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Obì ìrọ̀lẹ́ náà ló ń lé oorun.

Bàbá Àdìó: Oorun wákàtí 7, ó kéré tán. Ẹni tó ń jí láago 5:30, kó ti sùn kó tó di 10:30. Bí ọjà bá dá lọ́sàn-án, ẹ rẹjú fún ìṣẹ́jú 20 péré. Èyí tó bá pẹ́ jù ń mú kí orí wúwo.