Triumph Bonneville 1969: ó ti tà o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Alùpùpù Triumph tí mo ní mo fẹ́ tà níjọ́sí, Bonneville T120 tí mo tú palẹ̀ tí mo sì tún tò látòkè délẹ̀, ti rí olówó. Pọ́n-ùn 8,200 la fẹnu kò sí. 8,900 ni mo kọ́kọ́ pè é.

Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ wá gùn ún wò gbàgbé pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni gíà rẹ̀ wà, kì í ṣe òsì bíi ti alùpùpù òde òní. Ó fẹ́ tẹ bíréèkì, gíà ló tẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó já wọ ọgbà aládùúgbò mi! Kò padà wá mọ́.

Bàbá tó rà á ní tirẹ̀ mọ ohun tó ń wò. Kò tilẹ̀ wo táńkì tí mo kùn tó ń dán. Ó kúnlẹ̀, ó fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì wé ti fírémù. Wọ́n bára mu, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Ó béèrè nípa kábúrétọ̀ Amal méjèèjì, tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì (àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí), ó gbọ́ ìró wọn, ó mi orí pé ó dára.

Ẹni tó sọ níjọ́sí pé epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa jò: òótọ́ ni, ó ṣì ń kán díẹ̀. Mo sọ fún bàbá náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí kò bá jò, á jẹ́ pé epo ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ní UK, alùpùpù náà ti lé ní 40 ọdún, kò pọn dandan.

Mo ti fi títà rẹ̀ tó DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní UK, létí. Ẹ má pè mí lórí rẹ̀ mọ́ o.