Drone tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, drone tó ń ju àdó olóró: kí lẹ mọ̀ nípa wọn?

Ayàwòrán-Ilẹ̀

Fífò drone, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, kọ́ ni ìṣòro rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ya àdúgbò tí omíyalé ti ṣọṣẹ́, kó gbé drone sókè ní mítà 100, kó jẹ́ kí àwòrán kan gun èkejì ní ìdá 80 nínú 100 níwájú, 70 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá dín sí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má rí ibi tí yóò ti rán wọn pọ̀. Orí omi ló tún le jù, torí omi kì í dúró lójú kan. Ẹ má tan drone lórí páànù tàbí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Irin á da kọ́ńpáàsì rẹ̀ rú, á wá máa yí lókè bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Bí bátìrì bá ku ìdá 30, ẹ pè é wálé.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá jáde. Ní 2019, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Code for Africa kọ́ àwọn obìnrin Makoko, àdúgbò orí omi ní Èkó, bí wọ́n ṣe ń fi drone ya àdúgbò wọn, torí lórí máàpù, díẹ̀ ló kù kí Makoko má sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ti wó lára Makoko ní oṣù Keje 2012. Àwòrán tó fi ilé hàn lọ́kọ̀ọ̀kan wúlò fún dókítà, ó sì wúlò fún katapílà. Ẹ fún àwọn baálẹ̀ ní ẹ̀dà tiwọn kó tó dé ọ́fíìsì kankan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Bí Zipline, ilé-iṣẹ́ tó ń fi drone gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Muhanga, ní Rwanda, ní oṣù Kẹwàá 2016, náà ni wọ́n gbé e dé Kaduna ní 2022: drone ò ní balẹ̀, ńṣe ló máa ju àpótí sílẹ̀ pẹ̀lú páráṣúùtì bébà. Ẹrù rẹ̀ ò tó kílò méjì, ìyẹn bí àpò ẹ̀jẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò lórí pápá. Ẹ yẹ nọ́ńbà àpò àti irú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú ìwé tí ẹ fi bèèrè. Bí omi tó léfòó lókè ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ má fà á fún aláìsàn. Fíríìjì ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn kan a máa ti platelet (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì) bọ inú fíríìjì kan náà! 20 sí 24 ni tiẹ̀, òtútù ń bà á jẹ́.

Nígbà tí ilé aṣòfin Ghana ń jiyàn lórí iṣẹ́ yìí ní oṣù Kejìlá 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ ní kí wọ́n dá a dúró ná. Mo gbọ́ wọn yé. Níbi tí kò ti síná fún fíríìjì, ẹ̀jẹ̀ tó já láti òkè á bàjẹ́ nílẹ̀ ni.

Ará Òkè-Ọya

Ẹ̀yin méjèèjì gbàgbé ariwo rẹ̀. Ní Kaduna kan náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, drone àwọn ológun ju àdó olóró lu àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri. Àwọn tó kú lé ní 80. Àwọn ológun ní àṣìṣe ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa dúró wo àwọ̀ tí wọ́n kun ún? Láti ìsàlẹ̀, gbogbo wọn dúdú.

Ẹ kéde ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, lọ́dọ̀ olórí abúlé, ìmáàmù, pásítọ̀ àti ìyálọ́jà. Ẹ má fò lọ́jọ́ ọjà, ẹ má fò lásìkò Jímọ̀. Ẹ gbé ojú fóònù fún àwọn èèyàn kí wọ́n rí ohun tó ń rí. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, ẹ palẹ̀ mọ́.

Ìwé NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ gba ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ní àríwá ìlà-oòrùn, láti oṣù Kìíní 2025 làwọn ológun ti ní kí ẹnikẹ́ni má fò láìgbàṣẹ, torí àwọn agbésùnmọ̀mí náà ti ń lò ó.

Ayàwòrán-Ilẹ̀

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un: nọ́ńbà ibi tí ẹ ti ya àwòrán wà nínú fáìlì rẹ̀. WhatsApp ń yọ ọ́ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document, kò ní yọ ọ́. Tó bá jẹ́ àgọ́ àwọn tó sá fógun, ẹ fọwọ́ ara yín nù ún kúrò kó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín.