Èwo gan-an ni èrè mi lórí ṣíà tí mo tà?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra ṣíà (ìpín ìní) ilé ìfowópamọ́ kan ní ọjà ṣíà Èkó: mo ra 1,000 ní ₦20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tún ra 2,000 ní ₦26. Ní oṣù tó kọjá, mo ta 1,500 ní ₦27, ₦40,500 sì wọlé kí alágbàtà tó yọ owó iṣẹ́ rẹ̀.

Bí mo bá gbà pé èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni mo kọ́kọ́ tà, ₦33,000 ni mo fi rà wọ́n, èrè mi sì jẹ́ ₦7,500. Ṣùgbọ́n bí mo bá da gbogbo ₦72,000 tí mo ná pọ̀, tí mo sì pín in sí ọ̀nà 3,000, ₦24 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èrè náà á sì wálẹ̀ sí ₦4,500. Mo ti fi bírò pupa pa ìṣirò yìí rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé mi. Èyí tó tiẹ̀ rú mi lójú jù ni 1,500 tó ṣẹ́kù: bí iye rẹ̀ bá já sí ₦25 lọ́la, ọ̀nà àkọ́kọ́, tó ka gbogbo wọn sí ₦26, á ní mo wà nínú àdánù, èkejì, tó kà wọ́n sí ₦24, á ní mo ṣì ń jèrè.

Kí n tó tà, ilé ìfowópamọ́ náà pín èrè ₦1 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ₦2,700 ló sì dé ọwọ́ mi lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú tèmi, ó yẹ kí èyí dá dúró, kó má wọnú èrè títà.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ni ẹ̀yin ń lò, ibo ni ẹ sì ń kọ owó alágbàtà sí?