Apátí, tíríga tàbí ìfàbọn: kí ni a ó máa pe ohun tí ìka ọdẹ ń fà?

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ó sì máa ń fi ráífù ṣọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀, fẹ́ kọ àlàyé ní Yorùbá nípa bí a ṣe lè mú kí ibi tí ìka ń fà lára ìbọn tuntun sàn ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. Ó pe ohun náà ní tíríga. Ẹnìkan dá a lóhùn pé ìfàbọn ni kí ó lò. Ẹlòmíràn sọ pé kò yẹ kí á dá ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí apátí ti wà nílẹ̀. Ẹni tí ó mú apátí wá ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí tirẹ̀, mo sì rò pé orúkọ ohun náà kọ́ ni ó le jù nínú iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa dáwọ́ lé.

Òwe ni ó pa apátí mọ́ fún wa: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Àwọn tí ó tako ọ̀rọ̀ náà sọ pé òwe yìí kò fi hàn bóyá ohun tí ìka ń fà ni apátí, tàbí irin òkè tí ó máa ń já wálẹ̀ kí iná lè ràn mọ́ ẹ̀tù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí òwe náà jẹ́ kí á mọ̀ kò ju pé ìbọn tí kò ní apátí kò lè dún. Lára ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, irin méjèèjì ni ó wà níta gbangba tí ojú ń rí, nítorí náà kò ní yà mí lẹ́nu bí àdúgbò kan bá fi orúkọ náà pe ti òkè, tí òmíràn sì fi pe ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ráífù ni à ń sọ níhìn-ín, irú èyí tí ìlànà rẹ̀ ti ara ìbọn Mauser ti ọdún 1898 ní Jámánì wá, kò sì sí irin òkè kankan lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí yóò gún ìdí ọta fara pamọ́ sínú irin gbọọrọ tí ọdẹ ń fà sẹ́yìn tí ó sì ń tì síwájú nígbà tí ó bá ń ki ọta bọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù níta ni èyí tí ìka ń fà, nítorí náà bí a bá pè é ní apátí, kò sí irin kejì tí yóò bá a du orúkọ náà.

Ẹnìkan ti gbìyànjú láti sọ pé "apá tí a ń tì" ni orírun ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò gbà á. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí tì tí a fi ń ti nǹkan, ohùn òkè sì ni ó wà ní ìparí apátí. Ẹni tí ó bá fẹ́ so wọ́n pọ̀ ní láti sọ ohun tí ó gbé ohùn náà sókè fún wa. Yàtọ̀ sí èyí, a kì í ti apátí, fífà ni a ń fà á.

Ìfàbọn kò burú ní ti bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí pé ìgbálẹ̀ àti ìṣáná ti fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ orúkọ ohun èlò. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé àlàyé ẹ̀gbọ́n wa kò lè ṣe kí ó má lo ìfà, ìyẹn fífà náà fúnra rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí ìfà àti ìfàbọn yóò sì máa kọ lu ara wọn nínú gbólóhùn kan náà. Ní ti tíríga, ẹni tí ó bá fẹ́ lè lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni bí a ó ṣe ṣàpèjúwe ohun tí kò dára lára apátí náà. Ẹ̀gbọ́n wa kọ ọ́ pé "tíríga ìbọn yìí wúwo, ó tó pọ́n-ùn 7." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi tí ó ń gbé nìyẹn, nítorí pé òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn agbára tí ìka ń lò. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó bá ka gbólóhùn yìí yóò rò pé irin kékeré náà fúnra rẹ̀ wọn pọ́n-ùn 7, nígbà tí ó jẹ́ pé odidi ráífù ọdẹ kì í sábà ju pọ́n-ùn 7 tàbí 8 lọ. Le ni a máa ń lò fún ohun tí ó bá ń bá ọwọ́ jà: apátí náà le, ó ń gba agbára tí ó tó pọ́n-ùn 7 lọ́wọ́ ìka. Ewu tí ó wà níbẹ̀ hàn kedere bí a bá sọ ọ́ báyìí, nítorí pé ìka tí ó fi agbára tí ó tó ìwọ̀n ìbọn fa apátí yóò fa ẹnu ìbọn kúrò lójú ẹran. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ fẹ́ kí ó wà ní nǹkan bí pọ́n-ùn 3 sí 4, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ fẹ́ràn kí ó le nítorí ìbẹ̀rù ìjàm̀bá àti ẹjọ́.

Rọ̀ ni òdìkejì le. Kì í ṣe dẹ̀. Okùn tí ó dẹ̀ ti tú díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ apátí tí ó tú. Ní ọdún 2014, Remington, ilé iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe ìbọn ní Amẹ́ríkà, ní láti pe àwọn ráífù Model 700 àti Model Seven tí ó ní apátí X-Mark Pro padà, nítorí pé àtè tí ó pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń tò wọ́n lè mú kí ìbọn dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi gba ọdẹ nímọ̀ràn kò gbọdọ̀ mú irú èyí wá sí i lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó kù wà nínú iṣẹ́ ọdẹ fúnra rẹ̀. À ń dẹ ẹ̀bìtì, à ń kẹ́ ìbọn. Bí ẹran bá sì kan igi tí ó gbé ẹ̀bìtì dúró, ẹ̀bìtì a ré. Kí ni ó dé tí apátí náà kò fi lè ré? Nínú ráífù, irin kékeré kan ni ó di abẹ́rẹ́ mú bí igi yẹn ṣe gbé ẹ̀bìtì dúró, mo sì dábàá pé kí á pè é ní ìkọ́. Apátí tí ó dára máa ń ré lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ kí ìka mọ̀ pé nǹkan kan ń yẹ̀ nínú. Èyí tí kò dára máa ń wọ́, bí ilẹ̀kùn tí ìdí rẹ̀ ń kan ilẹ̀, nítorí pé ibi tí ìkọ́ ti kan èkejì rẹ̀ gùn jù tàbí pé kò dán. Ẹnìkan ti dábàá rákò fún èyí, nítorí pé creep ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń rá nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Irin kò ní orúnkún. Bí apátí bá sì tún ń lọ sẹ́yìn lẹ́yìn tí ó ti ré, ìfàkọjá ti tó o.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n wa kí ó má lo "títún apátí ṣe" fún àkọlé rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe, apátí yìí kò sì bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. "Mímú apátí bá ìka mu" ni mo fẹ́, yálà nípa yíyí ìdè kéékèèké tí ilé iṣẹ́ fi sí i, tàbí nípa gbígbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn.

Ó ku ọ̀kan. Savage, ilé iṣẹ́ ìbọn mìíràn ní Amẹ́ríkà, fi irin pẹlẹbẹ kan sí àárín apátí tí wọ́n ń pè ní AccuTrigger, tí ó jẹ́ pé bí ìka kò bá kọ́kọ́ tẹ irin náà wọlé, ìbọn kò ní dún; èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè gbà kí oníbọn fúnra rẹ̀ mú kí apátí rọ̀. Mo pe irin náà ní ahọ́n. Mo ka gbogbo àbá mi fún bàbá ọdẹ kan nínú ẹbí ìyá mi, wọ́n sì ní le, wọ́ àti ré yé àwọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ẹnu ìbọn ńbẹ níwájú lọ́hùn-ún, báwo ni ahọ́n rẹ̀ ṣe wá dé ẹ̀yìn?" Mo ti yọ ahọ́n kúrò. Ewé ni mo kọ sí ipò rẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi mú èyí tí ó sàn jù wá.