Ṣé mo lè fi físà àbẹ̀wò ṣiṣẹ́ lókè òkun?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ lọ dúró ti ẹ̀gbọ́n mi lókè òkun fún bí oṣù 7, láptọ́ọ̀pù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá mi náà ní kò burú, àmọ́ físà àbẹ̀wò ni mo ní, ẹnìkan wá ní kò kan ìjọba ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ló ń sanwó fún mi, ẹlòmíì ní irọ́ ni, iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Èwo ni kí n gbà báyìí?

Ti owó orí gan-an ló ń já mi láyà, torí ilẹ̀ púpọ̀ ló jẹ́ pé téèyàn bá ti lo ju ọjọ́ 183 lọ, wọ́n lè kà á sí ará ibẹ̀. Ṣé ibi méjì ni màá wá máa san án sí ni? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? (Ti aago ibẹ̀ tó yàtọ̀ sí tiwa ò dùn mí, èmi tí mi ò kì í sùn tẹ́lẹ̀.)