Báwo ni mo ṣe lè fi server wa pamọ́ kúrò lójú àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń wá ọ̀nà wọlé yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sábó n'Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Èmi ni mò ń bójú tó server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ń kọ àkọsílẹ̀ owó sí. Lálẹ́ àná, mo yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ wọlé wò, àyà mi já. Láàárín wákàtí kan, ó lé ní 300 ìgbà tí wọ́n kan port 22 (ojú ọ̀nà tí SSH, ètò tá a fi ń wọ server láti òkèèrè, máa ń lò), tí wọ́n ń dán orúkọ wò: "root", "admin", "test", wọ́n tún padà sí "root". Kì í ṣe èèyàn ló jókòó tó ń tẹ̀ ẹ́ o. Róbọ́ọ̀tì ni, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ojúlé kọ̀ọ̀kan wò.

Mo gbé SSH lọ sí port 2222. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi rí i. (Ta tiẹ̀ ló rán mi sí 2222 tí gbogbo ayé mọ̀?) Kẹ́ ẹ má bú mi, mo ti yọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kúrò, kọ́kọ́rọ́ SSH (fáìlì àṣírí tó wà lórí ẹ̀rọ mi) nìkan ni mò ń lò.

Àbúrò mi ní kí n ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, ká máa gba inú WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) wọlé, torí kì í dá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lóhùn rárá. Ẹni tó bá kàn án á rò pé kò sí ilé níbẹ̀ ni. Ó wù mí. Àmọ́ fóònù ni màmá akọ̀wé wa fi ń ṣiṣẹ́, ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Bí kò bá ṣí, èmi ni wọ́n máa pè láago márùn-ún ìdájí.

Ta ló ti ṣe é fún àgbàlagbà rí? Àbí kí n kàn lo port knocking, ìyẹn kéèyàn kọ́kọ́ kan àwọn port kan tẹ̀ léra bí àmì kí ilẹ̀kùn tó ṣí?